Bí Akíka Ṣe Gbé Ohùn Rẹ̀ Mì

Nígbà láéláé, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, akíka, ẹranko onípẹ́ nì, ní ohùn. Kò sí ẹranko tí ohùn rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ nínú gbogbo igbó. Bí ó bá pè ní apá òkè, wọn á gbọ́ ọ ní etí odò. Kì í kákò nígbà náà. Ọ̀sán gangan ló máa ń rìn, orí rẹ̀ á wà lókè, ọmọ rẹ̀ á sì jókòó sí ìdí ìrù rẹ̀, bí àwọn ọmọ akíka ti ń ṣe títí dòní.

Obìnrin kan wà ní ìlú Asúnmọ́gbó tí ń jẹ́ Ìbídùn. Ọmọ ọdẹ ni, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà. Ní ọjọ́ kan, ó bá bàbá rẹ̀ lọ yẹ tàkúté wò. Wọ́n bá ẹtu kan níbẹ̀ tó ti gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ kí ó lè bọ́. Ẹtu náà lóyún. Kò lè sá jìnnà. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkúté, ó ń wo Ìbídùn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé kùmọ̀ sókè, Ìbídùn da ara rẹ̀ bo ẹtu náà. Ìgbà tó dìde níbẹ̀, kò jẹ ẹran mọ́.

Ó tọ àwọn àgbà ìlú lọ. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ọmọ ọdẹ bá ń ṣàánú ẹran, kò ní pẹ́ tí ọmọ apẹja á máa ṣàánú ẹja. Ìbídùn kò bá wọn jà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó ní, "mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹran. Ibì kan ni mo ń tọrọ, níbi tí èyí tó fara gbọgbẹ́ ti lè sùn kí oorun sì kùn ún. Ẹni tó bá máa fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò."

Baálẹ̀ ronú pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fún un ní igbó tó wà ní òdìkejì odò. Ó ní ọdẹ kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá odò wá sí apá ìlú, ẹran ọbẹ̀ ni. Ìbídùn gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbin pòrogún yí ibẹ̀ ká láti fi pààlà, ó sì sọ ọ́ ní Igbó Ààbò.

Níbẹ̀ ló ti ń fi ewé di egbò wọn. Ẹtu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bímọ síbẹ̀. Ọ̀bọ tí ọfà fọ́ lójú kan wà níbẹ̀, òòrẹ̀ arúgbó kan náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń pe Ìbídùn ní Ìyá. Akíka ló fi ṣe olùpè wọn. Bí ẹranko kan bá fara pa nínú igbó jíjìn, ohùn akíka ni yóò tọ̀ wá.

"Ẹ máa bọ̀, ààbò wà níbí," ni akíka máa ń ké, ohùn náà kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí.

Nígbà tó yá, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ títí ó fi ku òkúta. Iṣu kò ta lóko, ebi mú ìlú, àwọn ọmọdé ń sunkún sùn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo òdìkejì odò. Ìbídùn mọ ohun tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n kò lè máa ṣọ́ igbó kó sì tún máa wá omi. Ìsun kan ṣoṣo ló kù, ó sì jìnnà. Ibẹ̀ ló lọ pọn omi lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ọdẹ́tókun, wá dúró sí etí igbó.

Ọdẹ́tókun kò wọlé, kò fẹ́ rú òfin Baálẹ̀. Ó pe akíka. Ó sọ fún un pé adágún kan ṣì lómi ní apá ìlú, pé àwọn àgbà ti fohùn ṣọ̀kan kí àwọn ẹranko wá mu níbẹ̀.

Akíka wo ọwọ́ rẹ̀. Oró tí àwọn ọdẹ máa ń fi sẹ́nu ọfà ń rùn lọ́wọ́ náà.

"Ṣé Ìyá mọ̀ sí i?" ni akíka bi í.

"Òun ló rán mi," ni Ọdẹ́tókun wí.

Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, akíka sì rí i pé ilẹ̀ ló ń wò. Ó yẹ kó dúró de Ìyá. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà ní ìdí ìrù rẹ̀, ahọ́n ọmọ náà ti gbẹ, ó ń lá ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó lè rí ìrì níbẹ̀. Akíka sọ fún ara rẹ̀ pé àbúrò Ìyá kò ní parọ́ mọ́ Ìyá. Ó lọ sí etí odò, ó kọjú sí apá ìlú, ó gbé orí sókè, ó ké: "Ẹ máa bọ̀, ààbò wà níbí."

Wọ́n jáde. Ẹtu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ṣáájú, òun àti ọmọ rẹ̀, nítorí òun ló gbẹ́kẹ̀ lé ohùn náà jù. Wọ́n gba orí òkúta odò sọdá. Àwọn ọkùnrin ìlú ti ba ní ìdí igi lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọfà àti kùmọ̀. Kò pẹ́ rárá. Òòrẹ̀ arúgbó kò tilẹ̀ sá. Ó yíjú padà wo akíka tó ṣì wà ní etí odò bí ẹni fẹ́ bèèrè nǹkan, wọ́n sì lù ú pa. Ìlú jẹun lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó kọrin.

Nígbà tí Ìbídùn dé pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, ẹ̀jẹ̀ àti ọfà àbúrò rẹ̀ ló bá lórí òkúta. Ó sọ omi náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò dà á nù. Ó wá akíka títí ó fi rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pòrogún.

"Ọmọ mi," ó ní, "ta ló pè wọ́n?"

Akíka ya ẹnu. Ohùn rẹ̀ wà lọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò fi í sọ. Ó gbé e mì. Ó fi ọmọ rẹ̀ sí àyà, ó ki orí bọ inú ikùn, ó fi ìrù di ara rẹ̀ pa.

Ìbídùn kò bínú sí i. Ó jókòó tì í, ó bu omi wọ́n ọn lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣíjú. Ó ní òun mọ̀ pé òùngbẹ ni, pé àbúrò òun ló ṣẹ̀. Akíka ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ló ń tì í. Kò tú ara rẹ̀ sílẹ̀ títí Ìyá fi dìde.

Òjò padà rọ̀. Ìbídùn dúró lórí òkúta, ó ń pe àwọn tó kù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn ènìyàn, sísá ni. Ó ń tọ́jú igbó tó ṣófo náà, ó ń tún pòrogún rẹ̀ gbìn, títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni akíka kò ti ní ohùn mọ́. Alẹ́ ló ń rìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀, orí rẹ̀ á sì súnmọ́ ilẹ̀. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, á kákò. Bí ẹkùn ló bá dé, á yí i síwá yí i sẹ́yìn, eyín rẹ̀ kò ní ran ìpẹ́, á fi í sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kò nílò eyín. Á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e jù sínú àpò bí ẹni ṣa àgbọn tó já bọ́. Akíka kò ní ké, kò ní jà. Ọmọ rẹ̀ á wà láyà rẹ̀ nínú òkùnkùn, kò sì ní yọjú wo ẹni tó gbé e.