Agbọ̀n Ọdẹ́gbàmí àti Ẹnu Ẹ̀jẹ̀mù

Ní ìlú Ìdó-Àsá láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ eléré kan wà tí orin kì í sábà jáde lẹ́nu wọn. Ọdẹ́gbàmí ni olórí wọn, òun ló ń lu agídìgbo. Ṣàngóbùnmi aya rẹ̀ ń fun fèrè, Àlàó àbúrò rẹ̀ ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣeré láti àárọ̀ dọ̀sán, ìlà orin kan ṣoṣo ni Ṣàngóbùnmi máa ń dá, ìyẹn náà bí fèrè bá ti sú u.

Àṣà ìlú náà ni pé lọ́jọ́ ọdún àgbàdo, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé agbọ̀n ka iwájú. Ẹni tí eré bá wọ̀ lára á ju àgbàdo tútù kan sí i. Ẹgbẹ́ tí agbọ̀n rẹ̀ bá kún ni yóò máa ṣeré láàfin. Èyí tí tirẹ̀ kò bá kún kò gbọdọ̀ ṣeré nílùú títí ọdún yóò fi yípo.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ju àgbàdo kí Olóyè Ẹ̀jẹ̀mù tó sọ eré tó dára àti èyí tí kò dára. Ohun èlò kan ṣoṣo tí olóyè yìí mọ̀ ọ́n lù ni àyà ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ki olóyè dáadáa ni eré rẹ̀ ń dùn. Lọ́dún tó kọjá, ó ní eré Ọdẹ́gbàmí dà bí iyán tí kò lọ́bẹ̀, ni gbogbo ìlú bá di àgbàdo wọn mọ́wọ́. Odindi ọdún ni agídìgbo fi wà lájà. Àlàó ti búra pé bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, oko ni òun ń lọ. Ṣàngóbùnmi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n há oríkì olóyè sáàrin eré. Ọdẹ́gbàmí ní agídìgbo òun kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ ọdún pé, wọ́n ṣeré. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, kò sẹ́ni tó ju àgbàdo. Ẹ̀jẹ̀mù dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀, ó rìn títí ó fi dé orí eré.

“Ọdẹ́gbàmí, kí lẹ wí gan-an? Láti àárọ̀, ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Lóòótọ́ ni, Olóyè. Eré la ṣe.”

Bó ṣe tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ìyá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ ń ro ju àgbàdo tirẹ̀ sínú agbọ̀n, ó ní kí wọ́n má bínú, òun fẹ́ lọ jókòó.

“Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ jù ú?” ni Ẹ̀jẹ̀mù wí. “Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń kún agbọ̀n nílùú yìí.”

Ọba, tí kò tíì lanu látàárọ̀, ní kí wọ́n gbé agbọ̀n òfìfo kan síwájú olóyè. “Ó yá, Ẹ̀jẹ̀mù, fi ọ̀rọ̀ kún un. Ọdẹ́gbàmí, ẹ máa ṣe tiyín lọ.”

Inú Ẹ̀jẹ̀mù tilẹ̀ dùn. Ó ki agbọ̀n, ó ki ẹni tó hun ún, ó ki ọ̀pẹ tí wọ́n fi hun ún. Ọdẹ́gbàmí ní tirẹ̀ kò gbójú sókè. Etí ló fi ń gbọ́ àgbàdo tó ń bọ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n tiwọn, gbì, gbì, títí ìró náà fi yí padà, tí àgbàdo ń bọ́ lu àgbàdo, tó wá ń yí gbirigbiri sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó wòkè, kò rí agbọ̀n mọ́. Àgbàdo ti bò ó, ti ọba ló wà lókè pátápátá. Àlàó ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀mù dákẹ́ láti mu omi. Ọba yọjú wo inú agbọ̀n olóyè. Tata kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, òun náà sì ń wá ọ̀nà àtilọ.

Ìlú gbé àwọn eléré mẹ́ta sọ́rùn dé ààfin, wọ́n ń jó lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n ń pa á lówe pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.