Bí Akika Ṣe Wọ Ẹ̀wù Àpáàdì

Nígbà láéláé, akika kò ní ìpẹ́ kankan lára. Awọ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, inú igbó kìjikìji ló sì máa ń sá pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló dàgbà tí wọ́n darúgbó láìfojú kàn án rí.

Ní àkókò yẹn ni ikán gbógun ti ìlú Òkè-Amọ̀. Wọ́n jẹ òpó ilé, wọ́n jẹ ìlẹ̀kùn, wọ́n jẹ àga tí baálẹ̀ jókòó lé, ìdí baálẹ̀ sì nalẹ̀ gbì. Ibi tó ti ń pa eruku nù lára ló ti sọ ọ́ pé bí òjò bá fi dé tí ikán ò tíì lọ, kí kálukú máa wá ibòmíì gbà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró amọ̀kòkò wọ eegun. Òkè-Amọ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sin ìyá rẹ̀ sí, kò sì mọ ibòmíì.

Ọdẹ́dínà, olórí ọdẹ, ní òun ti gbọ́ pé akika ń jẹ ikán bí ẹni ń jẹ ẹ̀wà. Òun àti àwọn ọdẹ rẹ̀ múra láti wá a lọ sínú igbó. Àwẹ̀ró ní òun á bá wọn lọ.

“Ìyá, kí ni amọ̀kòkò fẹ́ ṣe nínú igbó?” ni Ọdẹ́dínà bi í.

“Èmi ni màá gbé iná dání. Àbí tútù lẹ fẹ́ máa jẹ iṣu?”

Ó bu ẹyin iná sórí àpáàdì, ó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n rìn títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Àwọn ọdẹ wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Níbi tí Àwẹ̀ró ti ń fẹ́ iná ló ti gbọ́ ìkérora lábẹ́ gbòǹgbò igi kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Akika ni, gbogbo ara rẹ̀ kún fún egbò.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí,” ni akika wí.

“A ò wá pa ọ́. Ikán la fẹ́ kí o wá bá wa jẹ, kí ìlú wa má baà tú.”

“Mo fẹ́ràn ikán, Ìyá, àmọ́ àwọn náà mọ èèyàn í jẹ. Ẹ wo ara mi. Bí ẹ bá lè fún mi lẹ́wù tí eyín wọn ò lè wọ̀, màá bá yín lọ.”

Àwẹ̀ró wo àpáàdì ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀wù yẹn wà nílé mi.”

Nígbà tí wọ́n dé ìlú, ó fi oje igi lẹ àpáàdì mọ́ akika lára, ọ̀kan ń gun orí èkejì, láti orí dé ìrù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ amọ̀kòkò ni ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìkòkò ló máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kì í fín inú rẹ̀. Bó ṣe ṣe akika náà nìyẹn. Ó ṣe ẹ̀yìn tán, oje tán, ó nu ọwọ́, kò rántí ikùn rárá.

Akika fi èékánná tú òkìtì ikán. Ni ikán bá ya bo ikùn rẹ̀. Ó fò sókè, ó ní òun ń padà sígbó.

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. “Ẹ̀bi mi ni, má bínú. Ìkòkò ni mo fi ọ́ ṣe. Ká ara rẹ roboto bí ìkòkò, bóyá wọn ò ní rí ikùn rẹ mọ́.”

Akika ti imú bọ àárín ẹsẹ̀, ó fi ìrù bo orí, ó sì ká roboto. Ikán gé àpáàdì jẹ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà náà ni akika tú ara rẹ̀, ó na ahọ́n gígùn, ó sì jẹ wọ́n ní àjẹyó, títí wọ́n fi tán nílùú. Òjò dé, ilé kankan ò wó.

Láti ọjọ́ náà ni akika ti ń wọ ìpẹ́ tó dà bí àpáàdì, tí ikùn rẹ̀ wà níhòòhò, tó sì máa ń ká roboto bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn ará Òkè-Amọ̀ kì í pa á. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á jókòó tì í jẹ́ẹ́, títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ tó máa tú ara rẹ̀.