Ìṣápá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilá

Ìkà ni Ìyá Àlàdé ṣe. Ó hú ìṣápá tí Tinúadé, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá, irúgbìn tí ó dì wá láti ìlú rẹ̀ tó jìnnà. Ó ní, “Ohun tí kò ní ẹbí níhìn-ín kò gbọdọ̀ hù lóko mi.” Tinúadé sunkún, nítorí òun náà kò ní ẹbí níbẹ̀.

Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, ó sì tanná. Lọ́jọ́ tí àwọn ìyàwó ilé ń ká ilá, Tinúadé kúnlẹ̀, ó fi òdòdó ìṣápá àti ti ilá sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá.

“Ìyá mi, tótó, ó ṣe bí òwe: ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba.”

Ìyá gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: “Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Má bínú. Èmi ni ẹbí rẹ níhìn-ín.”