Ìbúra Ìyá Oyèkàn

Ọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Oyèkàn ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, Oyèkàn sì ti lé díẹ̀. Ó ní àbúrò kan rí, Ládiméjì, tí ibà pa nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ilé ìwé girama. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí Ládiméjì ṣì wà nínú àpótí ìyá wọn. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún ìjọba pé ọmọ náà kú. Oyèkàn mú ìwé náà, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ni Ládiméjì.

Ìwé tí a bá fẹ́ lò ní ilẹ̀ òkèèrè ní ibi tó ń gbà. Ilé ẹjọ́ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọn yóò lù ú ní òǹtẹ̀ ní Àbújá, kí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí a ń lọ tó wá lu tiwọn lé e. Ní ilé ẹjọ́, akọ̀wé wo ìwé náà, ó ní òun gbọ́ pé ọkùnrin méjì ni ìyá yìí bí, ọ̀kan sì ti kú. Kí ìyá fúnra rẹ̀ wá búra èwo ló kú, èwo ló wà láàyè.

Ìyá kọ̀. Ó ní, "Oyèkàn, o fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pa ọ́?"

Ọmọ náà ní, "Màámi, ìwé lásán ni. Ẹ kàn máa sọ ọ́ ni."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó ní Oyèkàn, ọmọ òun àgbà, ti kú. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Akọ̀wé rò pé ọ̀fọ̀ àtijọ́ ló rántí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń pe ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ládiméjì. Inú Oyèkàn dùn. Ó rò pé ìyá òun ń fi kọ́ ẹnu ni, kí àṣírí má baà tú. Ìyá ń se ẹ̀wà tí Ládiméjì fẹ́ràn, èyí tí Oyèkàn kì í fẹ́ fojú rí. Oyèkàn ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí Àbújá, wọ́n lu òǹtẹ̀. Ó lọ bá àwọn aṣojú, wọ́n lu tiwọn. Ó wá padà wálé láti dágbére.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń di ẹrù nínú yàrá, ìyá ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ tí ìyá ké, "Oyèkàn!"

Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ayọ̀ gbé e dìde. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, ohùn kan ti dáhùn lẹ́yìnkùlé, "Mà!" Ohùn ara rẹ̀ ni.

Ó sáré jáde. Ìyá nìkan ló bá, aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ládiméjì, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi ká aṣọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o rìnnà're."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó mú ìyá padà sí ilé ẹjọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún akọ̀wé. Ó ní kí wọ́n fi ìyà tó bá tọ́ jẹ òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá orúkọ òun padà. Akọ̀wé yíjú sí ìyá, ó ní, "Màmá, ṣé Oyèkàn nìyí?"

Ìyá wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "Rárá o. Ládiméjì nìyí. Oyèkàn ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo ní kó wọlé, ó ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè òun."

Kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀ akọ̀wé dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Oyèkàn kò lọ sí òkè òkun mọ́. Ó fa gbogbo ìwé náà ya. Ó tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá súre fún un kí ó tó dákẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ Ládiméjì ló fi súre náà.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, mo ti ka ìwé tí o gbé wá. O fẹ́ kí èmi, olùṣọ́ àgùntàn rẹ, jẹ́rìí pé o kò gbéyàwó rí, nítorí pé àpọ́n ni wọ́n ń wá níbi tí ò ń lọ. Èmi ni mo so yín pọ̀. Àwọn tó ni òǹtẹ̀ kò mọ̀ ọ́. Ohun tí mo bá kọ ni wọn yóò gbà. Ìyàwó rẹ wà níta yìí, ó pọn ọmọ rẹ sẹ́yìn, kò mọ ohun tó wà nínú àpò tó bá ọ gbé dé ẹnu ọ̀nà mi. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Gbà á. Fà á ya níbí, kí o tó jáde lọ bá a.