Irun Òkè Ojú Àsímáwù

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àgbà pé ìtàn yìí kò ní gùn ju irun òkè ojú Àsímáwù lọ, ìyẹn sì ti tán láti ọjọ́ tó ti fi abẹ fá a.

Tìróò ló fi ń ya òmíràn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ṣe àlùwàlá ni omi ń gbé e lọ, ni ìtìjú bá lé obìnrin tó fẹ́ràn mọ́ṣáláṣí yìí kúrò níbẹ̀. Ó bu àdín àgbọn kí irun lè hù padà, ó ń fi kànrìnkàn ha òkè ojú bí ẹni ń fọ ìkòkò, títí awọ fi bó.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó títí. “Ìyàwó, ṣé irun lò ń gbìn ni, àbí oko lò ń ṣán? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.”

Láràárọ̀, ìyá á fi ìka kan rọra pa àdín náà fún un. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó sì kún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, omi àlùwàlá ṣàn lójú rẹ̀, irun dúró digbí. Àsímáwù kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa.”

“Ọlọ́run ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dìde, ìrun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fẹ́nì kan o. Ọkọ rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé irun náà lọ rí.