Bí Ọ̀nà Oko Ṣe Kọ́ Ìkíni

Nígbà láéláé, kí bàtà tó dáyé, gbọọrọ ni ọ̀nà oko ń lọ. Láti ẹ̀yìnkùlé abúlé títí dé etí odò, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ọ̀nà sì fẹ́ràn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbéra láàárọ̀, ó di odò. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò bèèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wà nínú igbó náà. Baba Odán wà níbẹ̀, tí ìbòòji rẹ̀ tó ilé mẹ́ta. Ìyá Irúgbá, igi tí ń so irú, wà níbẹ̀. Àpáta wà níbẹ̀, arúgbó tí etí rẹ̀ ti di.

Lọ́dún kan, oòrùn mú. Ibi tí Ọ̀nà gbà kò ní ìbòòji rárá.

“Èmi ò gba ibí mọ́,” ni Ìyá Lánihùn wí, tòun ti apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí. “Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.” Ló bá já wọ inú igbó, àwọn ará abúlé yòókù sì tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí Ọ̀nà. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀, igbó ni yóò dà. Ó pe Àparò, aládùúgbò rẹ̀.

“Àparò, kí ni mo ṣe?”

“O ò kí àgbà,” ni Àparò dáhùn. “Ta ni kó wá yá ọ ní ìbòòji? Àbí ìwọ lo kọ́kọ́ dé igbó yìí?”

Ojú ti Ọ̀nà. Ó yà lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baba Odán. Baba dá a dúró, ó bèèrè gbogbo ará ilé, ó bèèrè ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Irúgbá. Ìyẹn ní kò gbọdọ̀ lọ láì kí orogún òun lápá òkè. Ti Àpáta ló le jù. Ẹ̀yìn ni etí rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀ wà, Ọ̀nà sì ní láti yí i po. Kó tó débẹ̀, “ẹ káàárọ̀” ti di “ẹ káàsán.”

Ìyá Lánihùn padà wá. “Ọ̀nà yìí mà wá gùn o,” ló ń kùn, ṣùgbọ́n ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Odán, ó jókòó. Àwọn yòókù náà padà, ẹsẹ̀ wọn sì tẹ koríko pa.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà oko ti ń lọ kọ́rọkọ̀rọ. Bí o bá ń tọ ọ̀nà àtijọ́ kan, tó ṣàdédé yà níbi tí igi kankan kò sí, má bú u. Àgbà kan ti wà níbẹ̀ rí. Wọ́n ti gé e lulẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún Ọ̀nà. Ó ṣì ń yà kí i.