Àkùkọ Tó Ní Òun Kò Níṣẹ́

Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọ agboolé yí i ká.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ní ìgbà kan rí, Adìyẹ bí ọmọ mẹ́fà fún Àkùkọ. Wọn ò tí ì hu ìyẹ́ tí bàbá wọn fi kó lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, tó lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ebi ń pa àwọn ọmọ. Àbíkẹ́yìn wọn ò lè dìde mọ́. Adìyẹ bá Àkùkọ débẹ̀, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àkùkọ, bàbá ọmọ mi o—"

"Kìnrìn jìn!"

"Ọmọ mẹ́fà, ebi ń pa wọ́n—"

"Kìnrìn jìn!"

"Ẹni bímọ ni í bọ́mọ—"

"Kìnrìn jìn!"

"Àkùkọ ní kò sí lọ́wọ́ òun, ó sì tilẹ̀kùn. Adìyẹ sunkún délé. Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, 'Ẹkún ò lè bọ́ ọmọ yó. Gba ilé Ìyálóde lọ.'

"Ó kó ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ. Ìyálóde bi í pé, 'Ta ni bàbá wọn? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?'

"'Àkùkọ ni, Ìyálóde. Wọ́n ní òun ló ń jí Akínbọ̀dé àgbẹ̀ láràárọ̀, tó ń gba àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀.'"

Fọlárìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ní, "Ìyá, ṣé wọ́n ń sanwó fún àkùkọ ni?"

"Nínú àlọ́ tèmi, wọ́n ń san. Gbẹ́nu dákẹ́.

"Ìyálóde ránṣẹ́ pe Àkùkọ. Ìdájí ló máa ń gbọ́ ẹjọ́, kí ará ìlú tó lọ oko. Àkùkọ dé, ó ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀, ó ń tiro.

"'Ẹ ṣàánú mi, Ìyálóde. Ọ̀fun mi ti bàjẹ́. Ó di oṣù mẹ́ta tí mo ti kọ kẹ́yìn. Mi ò níṣẹ́, mi ò lábọ̀.'

"Ìyálóde ní, 'Adìyẹ, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?'

"Adìyẹ wo ojú ọ̀run. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, ìyá mi.'

"Wọ́n dúró. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Àkùkọ pa ẹnu dé. Ọrùn rẹ̀ ń wú. Ó fi apá méjèèjì di àgógó mú. Oòrùn yọjú báyìí..."

"Kúkúrúùkúùú!" làwọn ọmọ ké.

"Ó kọ ọ́ títí ọmọ ọwọ́ fi jí ní ìsàlẹ̀ ìlú. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyálóde ní, 'Ẹ kú oríire, ọ̀fun yín ti sàn.' Ó pàṣẹ pé láràárọ̀, kí Akínbọ̀dé kọ́kọ́ yọ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta fún àwọn ọmọ, kó tó fún Àkùkọ ní ìyókù.

"Lọ́jọ́ náà gan-an, àbíkẹ́yìn jẹun, ó dìde. Adìyẹ kó wọn gba àárín ìlú kọjá, ó gbé orí sókè. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó.

"Nígbà tí wọ́n dàgbà, mẹ́ta ò tó mọ́. Adìyẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà lọ bá Ìyálóde, wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, Àkùkọ náà wá sọ tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n dín in kù títí òjò fi rọ̀. Kò sá mọ́.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bímọ ni yóò bọ́ ọ, ì báà bá ìyá rẹ̀ gbé, ì báà má bá a gbé. Ẹni tí wọ́n sì kọ ọmọ sílẹ̀ fún, kó má jókòó sunkún. Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́.

"Ibẹ̀ ni mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí, gbàà. Bí mo bá purọ́, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi má gé iṣu mọ́. Ó yá, ẹ lọ sùn."